Ẹni tó bá fẹ́ ìbò mi ní 2027, kó sọ bó ṣe máa parí ogun Borno

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Òru-Ìjẹ̀bú níbí tó ń yan gàrí tà. Tó bá ti jókòó ti agbada, á wé fóònù rẹ̀ sínú ọ̀rá, á fi há etí ìró kí èéfín má bàa bà á jẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ṣọ́jà, Borno ló wà. Lọ́jọ́ tí mo lọ ra gàrí lọ́wọ́ ìyá, fóònù yẹn dún. Ó ju igbá tó fi ń yan gàrí sílẹ̀, ó fi eyín tú ọ̀rá. "Màámi, mo wà o." Gbogbo ohun tí ọmọ náà ráyè sọ nìyẹn kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já. Gàrí jóná mọ́ agbada, ìyá ò tiẹ̀ wò ó. Ó ṣáà ń sọ fún wa pé, "Ó ní òun wà. Ẹ gbọ́ ọ, àbí? Ó ní òun wà."

Ọdún kẹta ọmọ yìí lójú ogun rèé. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n pè é fún un nígbà tó ń lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ du ipò, mo mọ̀ pé ẹ ti ń bọ̀. Ẹ ò kúkú ní ṣàì yọjú sí Ojúde Ọba. Ìbéèrè kan péré ni mo ní fún yín: báwo lẹ ṣe máa parí ogun yìí?

Oṣù keje ọdún 2009 ni Boko Haram gbéná wojú ìjọba ní Maiduguri. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà ò ní pẹ́ dàgbà tó iṣẹ́ ṣọ́jà. Ayé Jonathan ni wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok, ní 2014. Buhari ṣèlérí, a dìbò. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2015, ó ní a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ogun náà tán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, wọ́n ya bo àgọ́ ṣọ́jà ní Metele, wọ́n pa ọmọ ọlọ́mọ. Shekau tó jẹ́ olórí Boko Haram kú ní 2021, ISWAP tó yapa kúrò lára wọn ò lọ. Ogun náà wà ńlẹ̀ nígbà tí Tinubu gorí àlééfà, ó ṣì wà ńbẹ̀.

Mo ti gbọ́ ọ káàkiri pé ogun Òkè Ọya ni, kí ló kàn wá. Ìlú Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ńkọ́? Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 2022, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pa àwọn èèyàn wa, ISWAP náà ni ìjọba sì nawọ́ ìfura sí.

Ó dùn mí tí Ìjẹ̀bú bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ogun, torí àwọn baba wa ò dákẹ́. Nígbà ogun Kírìjì, Òru wa yìí ni àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú pàgọ́ sí. Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ ò fẹ́ ká bá Ìbàdàn parí ìjà, ọ̀nà wà ní títì, ọjà ò lọ, ogun sú ará ìlú. Wọ́n sọ ọ́ síta títí ọba fi kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ẹ̀pẹ́, ní 1883. Ọba aládé ni wọ́n sọ ọ́ fún o! Àwa wá ń bẹ̀rù àtibi ẹni tó wá tọrọ ìbò ní ìbéèrè. Òru yìí kan náà ni àwọn ará Liberia àti Sierra Leone tí ogun lé nílé sá wá, wọ́n pẹ́ lágọ̀ọ́ níbí, a jọ ń ná ọjà kan náà ni.

Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà kọlu ọ̀tá, àṣírí ológun nìyẹn. Ẹ sọ iye oṣù tí ṣọ́jà máa lò kí ẹlòmíì tó lọ gbà á. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ sọ ìbọn sílẹ̀, àti bí àgbẹ̀ Borno ṣe máa padà sóko rẹ̀. Owó ogun ọdọọdún ńkọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kí ilé aṣòfin yẹ̀ ẹ́ wò ní gbangba? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ gbé ìrẹsì àti ankara yín dání padà.

Tẹ́ ẹ bá dé Òru, ẹ béèrè mi. Màá mú yín lọ sídìí agbada yẹn, kẹ́ ẹ dáhùn níwájú ìyá.