Èsì wa lórí àwọ̀n àti òrùka tó hàn lójú Júpítà

Ẹ kú iṣẹ́ òru o, oníbàárà wa. A ti ka ọ̀rọ̀ yín pé kámẹ́rà tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ń ya Júpítà bí ẹni pé wọ́n da àwọ̀n bò ó, pé òrùka wẹ́wẹ́ tún yí i ká bí ìpele àlùbọ́sà, ẹ sì fún un ní ìràwọ̀ méjì péré. A yẹ àwòrán tí ẹ fi síbẹ̀ wò fínnífínní, kò sì jọ iṣẹ́ kámẹ́rà tó bàjẹ́.

Asẹ́ aláwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù ló wà lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì tíntìntín tó ń gba ìmọ́lẹ̀, nínú sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà yín. Bí ẹ̀rọ tó ń yí tẹlisikóòpù bá di Júpítà mú gbọingbọin sójú kan, tí ẹ sì to ẹgbẹẹgbẹ̀rún fírémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò, léra, ìyàtọ̀ kíún tó wà láàárín píksẹ́lì kan àti èkejì yóò máa bọ́ sójú kan náà ṣáá, nígbà tí ẹ bá sì fi wavelets, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń mú kí àwòrán hàn ketekete, pọ́n àwòrán náà, yóò yọ síta bí àwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí pílánẹ́ẹ̀tì náà máa sún díẹ̀díẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ bí ẹ ti ń gba fídíò. Àìdúró-sójú-kan tí gbogbo wa ń sá fún ló wúlò níbí.

Ti òrùka ló gba àlàyé jù. Ìmọ́lẹ̀ Júpítà ń rọlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti àárín lọ sí etí, ṣùgbọ́n fídíò bíìtì 8 kò ní ju ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 lọ, ẹ sì ti gbé gain, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń bu agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó gbà, sílẹ̀ débi pé ibi tó mọ́lẹ̀ jù kò kọjá nǹkan bí ìpele 60. Ìpele tó ṣẹ́kù kéré jù fún irú ìrọlẹ̀ bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan sì di òrùka. Gain tó ga a máa mú kí hóró-hóró ta lójú fídíò lóòótọ́, àmọ́ hóró-hóró yẹn gan-an ló ń pa ààlà àwọn ìpele rẹ́, títo fírémù léra á sì gbá a kúrò. Ẹ gbé gain sókè títí ibi tó mọ́lẹ̀ jù yóò fi tó ìpele 170 tàbí 180. Ẹ tún lè lo bíìtì 12, tó ní ìpele 4096, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye fírémù ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò dín kù.

Bí àwọ̀n náà kò bá lọ lẹ́yìn èyí, ẹ dé ojú tẹlisikóòpù, kí ẹ gba fídíò kúkúrú pẹ̀lú gain kan náà, kí ẹ sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Bí ìlà tó le bá dúró sójú kan nínú òkùnkùn yẹn, a ó pààrọ̀ kámẹ́rà náà fún yín.