Ojú Ńlá Yẹn, Àwa La Fún Un

Ẹ̀yin ará mi, okun o. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, ìtìjú ni kò jẹ́. Ṣùgbọ́n lánàá ni mo rí ẹnì kan lórí ayélujára tó ń sọ ìtàn ọkùnrin wa. Ìtàn náà ti ní ọkọ̀ fàdákà, ó ti ní abẹ́rẹ́ gígùn, ó ti ní ẹ̀dá mẹ́ta olójú ńlá. Mo ní kí n yáa jẹ́wọ́. Mo mọ ibi tí ojú ńlá yẹn ti wá.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni. Ọlọ́kadà kan ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kàbà gbé èrò lọ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ṣú, kò dé. Wọ́n pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún, àwọn ẹbí sì ti ń ṣírò owó. Ẹni tó bá ń gbé lápá ọ̀dọ̀ wa, ì báà jẹ́ Ìjùmú, ì báà jẹ́ Bùnú tàbí Yàgbà, mọ ohun tí wọ́n ń ṣírò owó fún. Nígbà kan, bí ènìyàn bá pẹ́ lọ́nà, a ó ní táyà ló fọ́, tàbí epo ló tán. Ní báyìí, ajínigbé ló ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ní bílẹ̀ bá mọ́, òun á ta àwọn àpò kajú tó wà nílẹ̀.

Kílẹ̀ tó mọ́ tán, a rí ọkùnrin náà tó ń ti ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mọ́ lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Ó jókòó sórí àpáta iwájú ilé, ó gba omi, ó mu ún, ó tún gba òmíràn. Lẹ́yìn náà ló ní ìmọ́lẹ̀ kan ló yọ sí òun, ara òun le gbagidi, òun kò sì mọ nǹkan kan mọ́ títí òun fi bá ara òun nínú igbó ní ìdájí.

Gbogbo ohun tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn. Kò sí ojú ńlá, kò sí ọkọ̀, kò sí ẹ̀dá kankan.

Ọ̀rọ̀ náà ràn kálẹ̀, a ò sì mọ orúkọ tí a ó pe ohun tó gbé e. Àwọn ọ̀dọ́ ní álíẹ̀nì ni, ẹ̀dá tó ń ti ayé mìíràn lójú sánmà wá. Ẹnì kan fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ní "ará ọ̀run" ni. Màmá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà gbójú sókè: "Ará ọ̀run wo? Ti ilé wa ni, àbí ti ilé tiwọn?" Ẹ dá wọn láre. Eégún la mọ̀ sí ará ọ̀run, a mọ agbo ilé tó ti ń jáde, a sì mọ ẹni tó ń tẹ̀lé e. Bàbá kan ní kí wọ́n yé da ara wọn láàmú, àjà ló gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní abúlé ti gbọ́ ìtàn àjà rí: á gbé ènìyàn wọ igbó lọ, ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó dá a padà, ẹni náà á sì dé tòun ti ìmọ̀ ewé àti egbò. Bàbá wo ọlọ́kadà wa látòkè délẹ̀, wọ́n bi í pé ewé wo ló mú bọ̀. Kò mú ewé kankan bọ̀. Bàbá ní kì í ṣe àjà nìyẹn, wọ́n bá ọ̀nà oko wọn lọ. Lójú tèmi, nínú gbogbo wa, bàbá yẹn nìkan ló ṣe ìwádìí gidi. Wọ́n mọ ohun tó yẹ káwọn rí bó bá jẹ́ òtítọ́, wọ́n wá a, wọn ò rí i, wọ́n kúrò níbẹ̀.

Àwa mẹ́ta kò kúrò níbẹ̀ ní tiwa. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà, ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, àti èmi. Kò sẹ́ni tó rán wa níṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Tísà ra ìwé ẹlẹ́yìn líle, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i: Ọjọ́, Àkókò, Ẹlẹ́rìí. Mo rí ìlà yẹn, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọjọ́ kẹta la dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. A kí i kú ewu. Tísà bi í bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe tóbi tó. Ó ní òun kò lè sọ. Tísà ní ṣé ó tó òrùlé ilé? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó lè tó o. Tísà kọ ọ́: "Ó tó òrùlé ilé." Èmi náà bi í pé ènìyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ìbéèrè, ẹ jọ̀ọ́! Ta ló sọ fún mi pé ènìyàn wà nínú nǹkan kan? Ó ní òun kò rí ènìyàn. Ìgbà náà ni ọmọ oní-fóònù na fóònù rẹ̀ sí i. Àwòrán ẹ̀dá kan ló wà níbẹ̀, orí ràgàjì, ẹnu bí ojú abẹ́rẹ́, ojú dúdú méjì tó fẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí. "Bọ̀dá, ṣé bí èyí ni wọ́n rí?" Bọ̀dá gba fóònù. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka fẹ àwòrán náà tóbi, ó tún sún un kéré. Ó dá a padà, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì tí a padà lọ, ó ní òun ti rántí. Mẹ́ta ni wọ́n. Ojú wọn tóbi.

Tísà fi báírò pupa kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fa ìlà méjì sí i nídìí.

Mi ò bá má rí ohun tó burú nínú ohun tí a ṣe bí kò bá ṣe pé lẹ́yìn náà ni mo ka ìtàn Betty àti Barney Hill, tọkọtaya Amẹ́ríkà tí ìtàn wọn jẹ́ ìyá gbogbo ìtàn báyìí. Òru ọjọ́ 19 mọ́jú ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án ọdún 1961 ni. Wọ́n ń wakọ̀ bọ̀ láti Kánádà, wọ́n ń lọ sílé wọn ní Portsmouth, ìpínlẹ̀ New Hampshire, àwọn méjèèjì àti ajá wọn. Betty rí ìmọ́lẹ̀ kan nítòsí òṣùpá, ó jọ pé ó ń tẹ̀lé wọn. Wọ́n á dúró, wọ́n á wò ó, wọ́n á tún máa lọ ní jẹ́jẹ́ láàárín òkè. Lóṣù tó tẹ̀lé e, Walter Webb, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòràwọ̀ kan ní Boston, wá bi wọ́n léèrè lórúkọ ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí lójú sánmà. Barney ní nínú awò tí òun fi wò ó, òun rí àwọn kan tí wọ́n ń wo òun. Wọn ò sọ pé ẹnikẹ́ni gbé àwọn.

Oṣù kọkànlá ni àwọn olùwádìí mìíràn bi wọ́n pé: ìrìnàjò tí kò yẹ kó ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ, báwo ló ṣe gbà yín tó bíi méje? Tọkọtaya wo ara wọn lójú. Wọn ò tíì ṣírò rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà ni "wákàtí tó sọnù" ti wọ inú ìtàn, ẹnu oníbèéèrè ló sì ti jáde. Ṣáájú ìgbà náà, Betty ti ń lálàá pé wọ́n gbé àwọn wọnú ọkọ̀ kan. Lọ́dún 1964, oníṣègùn ọpọlọ kan ní Boston, Benjamin Simon, fi wọ́n sínú oorun àfiṣe, èyí tí òyìnbó ń pè ní hypnosis, kí wọ́n lè rántí. Ìtàn ìjígbé tú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ẹkún. Ẹ ò rí nǹkan: Simon fúnra rẹ̀ kò gbà pé wọ́n gbé wọn. Ó ní wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n àlá Betty ni, Barney ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi di tiẹ̀ náà.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, Júpítà àti Sátọ̀n wà nítòsí òṣùpá lóru ọjọ́ yẹn. Àwọn kan gbà pé ọ̀kan nínú wọn ni Betty rí. Àwọn bàbá wa kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́: àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti wakọ̀ lóru láàárín àwọn òkè wa mọ bí ìràwọ̀ kan ṣe máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn àpáta, tí yóò tún yọ lápá kejì bí ẹni tó ń ṣọ́ni.

Lọ́dún 1975 ẹ̀wẹ̀, wọ́n fi ìtàn àwọn Hill ṣe fíìmù, ó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá. Ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, ọ̀dọ́mọkùnrin agégi kan ní Arizona, Travis Walton, sọnù sínú igbó, ó sì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú ìtàn ọkọ̀ òfúrufú. Mi ò sọ pé ó wo fíìmù náà. Mò ń sọ pé àwòrán ti wà nílẹ̀ ni.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òmùgọ̀ nìyí. Elizabeth Loftus, onímọ̀ nípa ìrántí, sọ fún àwọn ènìyàn 24 pé wọ́n ti sọnù rí nínú ilé ìtajà ńlá nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ó ní ará ilé wọn ló sọ ọ́. Irọ́ ni. Bí ìdámẹ́rin wọn ló "rántí" rẹ̀, odindi tàbí díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ìyá rẹ bá sọ fún ọ lónìí pé o sọnù lọ́jà Kàbà rí, wàá rántí àwọ̀ agbádá ẹni tó rí ọ.

Ohun kan wà tí a ṣe dáadáa o. A wo ọ̀kadà náà. Díńgí ọ̀tún ti fọ́. Ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé lápá ọ̀tún ti wọ́, erùpẹ̀ pupa sì há sínú rẹ̀. Ọgbẹ́ kan tó tó ìdérí ìgò wà nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkùnrin náà, òun ló fi ń hàn wá pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fi nǹkan gún òun. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti gun ọ̀kadà rí. Sàlẹ́ńsà ló ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ síni lẹ́sẹ̀. Èmi ní ọ̀kan. Tísà ní méjì.

Ọmọ oní-fóònù bèèrè kọ́kọ́rọ́. Ọkùnrin náà ní inú àpò ṣòkòtò òun ló wà ní ìdájí ọjọ́ yẹn. Ó ta ọ̀kadà náà lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Epo wà nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó. Ẹni tí ìmọ́lẹ̀ já gbà lórí ọ̀kadà, ìgbà wo ló ráyè pa íńjìnnì, tó yọ kọ́kọ́rọ́, tó fi sápò? Bí ọ̀kadà bá sì ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tó fi tì í láti inú igbó dé ilé láìta á? Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ariwo òun ló ń ti ọ̀kadà tó dára.

Gbogbo èyí wà níwájú wa, a ò rí i. Tísà ní kí a lọ síbi tó ti ṣẹlẹ̀ lóru, kí a lè rí ohun tó rí. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Èmi ní ìyàwó mi ò ní gbà. Ọmọ oní-fóònù ní ọ̀sán ni kámẹ́rà òun ń ríran dáadáa. Níkẹyìn Tísà fúnra wọn ní ọ̀sán náà dára. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́ta, kò sí èyí tó lè lọ dúró lójú ọ̀nà yẹn ní aago mẹ́jọ alẹ́. Kò yé wa pé a ti mú ìdáhùn lọ́wọ́.

Èrò tèmi nìyí, ẹni tó bá fẹ́ kó bú mi. Mo rò pé ọkùnrin náà rí iná lójú ọ̀nà níwájú, tọ́ọ̀ṣì ni o, lọ́rì tó bàjẹ́ ni o, ó ní àwọn ajínigbé ti dé nìyẹn. Ó ya wọ igbó, ó ṣubú, sàlẹ́ńsà jó o, ó pa íńjìnnì, ó sì fi àyà lélẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀mọ́ títí di ìdájí. Ara rẹ̀ le gbagidi lóòótọ́. Ìmọ́lẹ̀ wà lóòótọ́. Ó wá délé, ó bá ìyàwó tó ń sunkún, ó bá ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ ta kajú nítorí rẹ̀. Ṣé ó máa ní òun sá pamọ́ fún ohun tí òun ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ènìyàn ni? Mi ò ní òpùrọ́ ni. Mo lè máa ṣìnà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ojú ìwé tí Tísà kọ kún, a bi í ní ìrísí, a bi í ní iye, a bi í ní àwọ̀. A ò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ṣé ẹ̀rù bà ọ́?"

Ó ti pẹ́ jù láti bi í báyìí. Àwọn kan ti ń wá láti Lọ́kọ́ja wá ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fún un lówó mínírà, olúkúlùkù sì ń fi nǹkan kékeré kan kún un kó tó lọ. Abẹ́rẹ́ gígùn yẹn, kì í ṣe tiwa. Ojú nìkan ni tiwa.

Tísà pè mí lánàá. Wọ́n ní obìnrin kan ní apá Bùnú rí nǹkan kan lórí òkè, kí a lọ wádìí rẹ̀ ní Sátidé. Mo ní mo gbà, ọ̀sán ni o. Ṣùgbọ́n ọmọ oní-fóònù á fi fóònù rẹ̀ sílé, báírò pupa náà á sì jókòó sílé. Wọ́n ní kí wá ni a ó kọ́kọ́ bi í? Mo ní a ó kí i, a ó jókòó, a ó dákẹ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán.

Tísà ní ìṣẹ́jú mélòó la ó fi dákẹ́, kí àwọn lè fa ìlà rẹ̀ sínú ìwé.