Ohùn inú A Better Tomorrow: ti Cantonese náà, inú yàrá ni wọ́n ti fi sí i

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn fíìmù ọmọọ̀ta ti Hong Kong. Wọ́n á ní ẹni tó bá wo A Better Tomorrow lédè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Mandarin kò tíì wò ó rárá, pé kó lọ wá ti Cantonese, èdè Hong Kong, torí pé ohùn òṣèré rẹ̀ Chow Yun-fat bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú kámẹ́rà ló wà níbẹ̀. Kéèyàn wo ti Cantonese, ìmọ̀ràn gidi nìyẹn, àwa náà á gba èèyàn níyànjú bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Láìsí ohùn ni wọ́n ya fíìmù náà. Ti Cantonese ni o, ti Mandarin ni o, ti Gẹ̀ẹ́sì ni o, inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n ti fi ohùn sí gbogbo wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti ya àwòrán tán.

Àṣìṣe yìí ń ṣe ìpalára, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ èyí. Ẹni tó ti gbà á gbọ́ á ra ẹ̀dà Cantonese, á rí i pé ètè àti ohùn ò bára mu, á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹlòmíràn á ní àwọn òṣèré náà ò mọ eré ṣe, pé ọ̀rọ̀ wọn ò bá ojú wọn lọ. Ẹlòmíràn á ti máa wá ẹ̀dà tí ohùn rẹ̀ "jẹ́ ojúlówó" kiri láti ọdún pípẹ́, ohun tí kò sí láyé.

Kì í ṣe fíìmù àgbélẹ̀rọ kan lásán là ń sọ. John Woo ló darí rẹ̀, Tsui Hark ló ṣe olóòtú rẹ̀, oṣù kẹjọ ọdún 1986 ló jáde ní Hong Kong. Ti Lung ni Ho, ọmọ ẹgbẹ́ tó ń tẹ ayédèrú dọ́là; Leslie Cheung ni Kit, àbúrò rẹ̀ tó di ọlọ́pàá; Chow Yun-fat ni Mark, ọ̀rẹ́ Ho. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ níbi àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Hong Kong, Chow gba ti òṣèrékùnrin tó peregedé jù níbẹ̀, Ti Lung náà sì gba irú rẹ̀ níbi Golden Horse ní Taiwan. Nítorí náà, kì í ṣe àìbìkítà olùdarí ni kò jẹ́ kí wọ́n gba ohùn. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Hong Kong nígbà náà nìyẹn.

Kí ló fà á? Ohun àkọ́kọ́ ni ariwo ìlú. Pápákọ̀ òfurufú Kai Tak wà láàárín ilé ní Kowloon títí di 1998, bàálù ń fò kọjá lórí òrùlé àwọn èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ohùn òṣèré lójú títì níbẹ̀ á máa dá iṣẹ́ dúró ní gbogbo ìgbà. Èkejì ni kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà 35mm tó fúyẹ́, èyí tí èèyàn lè gbé lé èjìká sáré, ń pariwo bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tí wọ́n bá fi ìbòrí agbohùnmọ́ra bò ó, ó di ẹrù tí èèyàn kan ò lè gbé sáré mọ́. Fíìmù tó jẹ́ pé eré sísá àti ìbọn ló kún inú rẹ̀ ò lè gba irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló kan John Woo jù. Ó fẹ́ràn kí àwòrán máa rìn jẹ́jẹ́. Láti rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á mú kámẹ́rà sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwọ̀n tó yẹ ni àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí wọ́n bá ya 48, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2 á gba ìṣẹ́jú-àáyá 4 lójú sinimá. Tí wọ́n bá ya 96, á gba 8. Ohùn tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ ò lè bá irú àwòrán yẹn lọ láéláé. Ẹ wo ibi tí Mark ti fi ìbọn pamọ́ sínú ìkòkò òdòdó lọ́nà ilé oúnjẹ ní Taiwan kó tó wọlé lọ yìnbọn: bí àwòrán ṣe ń rìn ń yí padà láti ibì kan sí ibòmíràn. Gbogbo ariwo tí ẹ gbọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn ni wọ́n kó wọn jọ.

Ọjà náà wà níbẹ̀. Taiwan fẹ́ Mandarin, Hong Kong fẹ́ Cantonese, àwọn tó ń rà á lókè òkun fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa fi ohùn sí fíìmù kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́nàkọnà, ẹ ò ní ná owó lé gbígba ohùn lójú iṣẹ́. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí wọ́n lè lo òṣèré tó wá láti ibi gbogbo. Brigitte Lin wá láti Taiwan, Mandarin ló ń sọ, síbẹ̀ ó wà nínú fíìmù Cantonese ńláńlá ìgbà yẹn. Kódà Jackie Chan tí gbogbo ayé mọ̀, ohùn ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Cantonese tó ṣe. Police Story 3 ti 1992 ni fíìmù Hong Kong rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti yà á. Ó di ìparí àwọn ọdún 1990 kí gbígba ohùn lójú iṣẹ́ tó wá di àṣà gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, torí ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ohun tó ń bàjẹ́ àti ìdí rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gé àwòrán tò títí á fi di odindi. Fíìmù 35mm tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ, nítorí náà fíìmù oníṣẹ́jú 95 bí èyí á tó róólù mẹ́sàn-án, róólù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń mú lọ sí yàrá. Wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, gbólóhùn díẹ̀ díẹ̀, wọ́n á so orí ègé kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè máa yí po lójú ògiri. Àwọn afohùnṣeré á dúró síwájú máìkì, wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á wá sọ ọ́ bí ẹnu inú àwòrán bá ṣe ń là. Olórí wọn lè yí ọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀ tí gbólóhùn bá gùn ju ẹnu lọ. Òṣèré tó ní àyè lè wá sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú yàrá yẹn náà ni, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ìyàwòrán ti parí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ìró ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn, ìbọn àti gíláàsì sí i lọ́tọ̀, wọ́n á fi orin sí i lọ́tọ̀, wọ́n á sì pò gbogbo rẹ̀ sórí ìlà ohùn kan ṣoṣo. Pípa tí wọ́n pa ọ̀rọ̀ mọ́ lọ́tọ̀ kúrò lára orin àti ìró ló jẹ́ kó rọrùn láti yọ Cantonese kúrò kí wọ́n fi Mandarin sí i.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ò ṣòro láti mọ̀. Tí máìkì ò bá jìnnà sẹ́nu bó ṣe yẹ, ẹni tó dúró ní èbúté ní ìta gbangba á máa dún bí ẹni tó wà nínú yàrá oníkápẹ́ẹ̀tì. Èémí máa ń sọnù: èèyàn sáré wọlé, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ẹni tó jókòó. Afohùnṣeré kan á sọ̀rọ̀ dípò ọmọ ìta mẹ́ta nínú ìran kan náà. Gbólóhùn tó kúrú ju ẹnu lọ á mú kí wọ́n fi "ẹn" tàbí ẹ̀rín kún un. Tí ẹ bá gbọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí nínú ẹ̀dà Cantonese, ẹ má pè é ní ayédèrú.

Yorùbá ló yẹ kó tètè yé kókó kan níbí, torí èdè olóhùn ni tiwa, olóhùn sì ni Cantonese, tó ní ohùn mẹ́fà. Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ sọ "igba", "igbá", "ìgbà". Ètè yín ò yàtọ̀. Inú ọ̀fun ni ohùn ti ń yí padà, kámẹ́rà ò rí i. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá ètè mu kò ní láti ronú nípa ohùn; ibi tí ètè ti pàdé, bíi ti m, b àti p, àti ibi tí ẹnu ti là gbàgà nìkan ló ń ṣọ́.

Èyí ló fún wa ní ọ̀nà tó dájú láti mọ èdè tí òṣèré sọ níwájú kámẹ́rà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Cantonese ni ètè máa ń pàdé nígbẹ̀yìn wọn, ohun tí Mandarin kì í ṣe. Ẹẹ́ta ni saam ní Cantonese, san ní Mandarin. Ẹẹ́wàá ni sap, Mandarin pè é ní shi. Ọkàn ni sam, Mandarin pè é ní xin. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ka owó tàbí tí wọ́n ń sọ iye nǹkan. Tí ẹ bá ń lo VLC, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo fíìmù, ẹ dá fíìmù dúró, kí ẹ máa tẹ lẹ́tà E láti máa wo àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ètè bá pàdé nígbẹ̀yìn "ẹẹ́ta", Cantonese ni òṣèré náà sọ, ohun yòówù kí etí yín máa gbọ́. Àwa ò mọ àyẹ̀wò tó rọrùn jù yìí lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ohùn bá yẹ̀ ni ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ àwọn tó fi ohùn sí i. Tẹlifíṣọ̀n tàbí fáìlì yín lè jẹ̀bi. Ẹ wo ìbọn àti ilẹ̀kùn, ẹ má wo ẹnu. Tí ìbọn bá dún gẹ́lẹ́ bí iná ṣe yọ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ètè ń yẹ̀, ọ̀rọ̀ dubbing, ìyẹn fífi ohùn sí i lẹ́yìn, ni, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Tí ìbọn, ilẹ̀kùn àti ètè bá yẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ̀rọ yín ló ń dá ohùn dúró tàbí tó ń tì í síwájú. Àwòrán kan gba nǹkan bíi milisẹ́kọ́ńdì 42. Tí ohùn bá ṣáájú àwòrán ní nǹkan bíi 45, ojú èèyàn á ti fura. Tó bá pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó lè tó 125 kí ojú tó fura, torí pé nínú ayé gidi, ìmọ́lẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé, ohùn ló ń tẹ̀ lé e. Lórí VLC ti Windows, lẹ́tà J àti K ló ń ti ohùn síwájú tàbí sẹ́yìn, milisẹ́kọ́ńdì 50 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìbọn ṣe òdiwọ̀n, ẹ má fi ẹnu ṣe é. Ẹni tó bá fi ẹnu ṣe é á tún ìran kan ṣe, á sì ba méjì jẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ó bára mu níbẹ̀rẹ̀, tó wá ń yẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, ìyára méjì ló pàdé nínú fáìlì kan. Ètò tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní PAL, tí Nàìjíríà àti púpọ̀ nínú Yúróòpù lò, máa ń yára fíìmù láti àwòrán 24 sí 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Ìṣẹ́jú 95 á di nǹkan bí 91, ohùn á sì ga díẹ̀. Ẹni tó bá ní ohùn Mark tínrín nínú DVD tòun, ẹ kọ́kọ́ wo iye ìṣẹ́jú tí fíìmù náà fi parí. Tí ẹnì kan bá wá mú ohùn onípele 24 lé àwòrán onípele 25, ohùn á ti fi ìṣẹ́jú-àáyá tó lé ní 2 yẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan péré. J àti K ò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ wá fáìlì míì.

Ohun tó ń dùn wá jù ni bí wọ́n ṣe ń fi ohùn dá òṣèré lẹ́jọ́. Ẹ lọ wo ibi tí Mark, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, ti ń nu ọkọ̀, tó jókòó nínú gáréèjì tó ń jẹ ìrẹsì inú páálí, tí Ho sì wá bá a níbẹ̀. Ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó wò ó. Èjìká Chow, bó ṣe ń jẹun láìgbójú sókè, bí ojú Ti Lung ṣe yí padà kó tó la ẹnu: iṣẹ́ òṣèré nìyẹn, ó sì pé. Lẹ́yìn náà kí ẹ dá ohùn padà, kí ẹ gbọ́ iṣẹ́ àwọn afohùnṣeré bí iṣẹ́ kejì tó dúró fúnra rẹ̀. Leslie Cheung ló kọ orin tó ń dún nínú fíìmù náà, orin tí Joseph Koo ṣe, tí James Wong kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti gba ìyẹn náà, kò sì sí ẹni tó tìtorí bẹ́ẹ̀ pè é ní ayédèrú.

Kí wá ni kéèyàn rà? Ìlà ohùn kan ṣoṣo, mono, ni ohùn Cantonese tí fíìmù náà ní ní 1986. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di 5.1, ìyẹn ohùn onílà mẹ́fà, wọ́n sì mú ìró ìbọn tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Àwọn ìró tuntun yìí hó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àwọn èrò sinimá gbọ́ ní Hong Kong nìyẹn. Nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn páálí, ẹ wá "Cantonese" àti "mono" pọ̀. Tó bá jẹ́ 5.1 nìkan ni wọ́n kọ, ẹ wá òmíràn kí ẹ tó sanwó.