Irọ́ ni pé àdúrà aago méjìlá òru ló máa ń tètè gbà

Wọ́n ti sọ ọ́ títí ó fi di òfin: láàárín aago méjìlá òru sí aago mẹ́ta ni ọ̀run máa ń ṣí, ẹni tó bá ń hanrun nígbà yẹn ti fàyè gba ọ̀tá. Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n sábà fi ń gbè é lẹ́sẹ̀ kò pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:25, níbi tí Pọ́ọ̀lù àti Sílà ti ń kọrin lọ́gànjọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fi ṣí. Ẹ kọ́kọ́ ka ẹsẹ 22 sí 24 ná. Wọ́n ti na àwọn méjèèjì bí ẹní máa kú, wọ́n sì ti kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Oorun wo ló fẹ́ kun irú ẹni bẹ́ẹ̀? Nínú orí 12, Pétérù náà wà lẹ́wọ̀n, Hẹ́rọ́dù sì fẹ́ mú un jáde lọ́jọ́ kejì láti pa á. Oorun ló ń sùn láàárín ọmọ ogun méjì, débi pé áńgẹ́lì ní láti gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó jí. Ìjọ ń gbàdúrà fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun alára ń sùn. Ẹni tó kọrin jáde, ẹni tó sùn náà jáde.

Wọ́n tún máa ń mú Ẹ́kísódù 12:29 wá, nítorí pé ọ̀gànjọ́ ni ikú wọ Íjíbítì. Lára àṣẹ tí Ísírẹ́lì gbà ni pé kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àgùntàn sára òpó ilẹ̀kùn méjèèjì àti àtẹ́rígbà, kí wọ́n jẹ ẹran náà, kí wọ́n má jáde. Ẹ̀jẹ̀ ló dáàbò bò wọ́n. Ti ọ̀tá tó fúnrúgbìn èpò nígbà tí àwọn èèyàn sùn (Mátíù 13:25) ńkọ́? Jésù fẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ òwe yẹn, kò dárúkọ oorun, baálé náà kò sì bá ìránṣẹ́ kankan wí. Àgbẹ̀ inú Máàkù 4:27 ń sùn, irúgbìn rẹ̀ ń hù.

Ká wá wo aago tí àdúrà gbà nínú Bíbélì. Èlíjà lórí Kámẹ́lì: àkókò ẹbọ ìrọ̀lẹ́, àdúrà ẹsẹ méjì péré, iná sọ̀kalẹ̀. Pétérù gbàdúrà lórí òrùlé lọ́sàn-án gangan. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni áńgẹ́lì wọlé tọ Kọ̀nílíù. Àti pé tí aago méjìlá òru bá lù ní Ìbàdàn, aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ní Houston. Ti ìlú wo ni ọ̀run ń tẹ̀ lé?

Ohun tí Bíbélì sọ pé ó ń dí àdúrà lọ́wọ́ wà lákọsílẹ̀: àìdáríjini (Máàkù 11:25), ọkọ tí kò bọlá fún ìyàwó rẹ̀ (1 Pétérù 3:7), èrò ìmọtara-ẹni-nìkan (Jákọ́bù 4:3). Oorun kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi òru mẹ́ta lé ọ̀tá, tó jẹ́ pé ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an ni kò kí nítorí ilẹ̀ bàbá wọn. Ìtẹ́ oore-ọ̀fẹ́ tí Hébérù 4:16 ní ká fi ìgboyà wá síbi rẹ̀, kò sí aago lára rẹ̀.

Àìsùn fúnra rẹ̀ kò burú o. Jésù ṣe é mọ́jú kó tó yan àwọn méjìlá (Lúùkù 6:12). Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó sùn dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kó má sì wakọ̀ ọ̀nà jíjìn ní ìdájí tó tẹ̀ lé e. Abiyamọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ tó yín. Ẹ tẹ̀ lé bí Jésù ṣe tò ó nínú Mátíù 6: ẹ yin Bàbá, ẹ béèrè ìfẹ́ rẹ̀, oúnjẹ òòjọ́, ìdáríjì, àti ààbò nínú ìdánwò. Ẹ sì bá wa pa gbohùngbohùn yẹn lóru. Aládùúgbò tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kò bá yín ṣàdéhùn àìsùn.