Ohun tí fóònù mọ̀, fóònù ló mọ̀ ọ́n

Okun o, gbogbo ilé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní Kàbbà níbí, lẹ́nu ọmọ ilé-ìwé àti lẹ́nu òbí pàápàá: "Kí la tún ń há nǹkan sórí fún? Ṣebí gbogbo ẹ̀ ló wà lórí Google." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló sọ ọ́ lójú mi, ó sì dùn mí dọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, àwọn ọmọ wa ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń múra WAEC. Mo bi í pé kí ló sọ Lọ́kọ́ja di ìlú pàtàkì nínú ìtàn Nàìjíríà. Kí n tó mí, ó ti tẹ fóònù, ó ń kà á jáde: àṣẹ kúrò lọ́wọ́ Royal Niger Company, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Lugard sì gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Bó ṣe rí náà nìyẹn. Mo ní, "O ṣeun. Royal Niger Company yẹn, iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe?" Ó wò mí, ó wo fóònù, ó ní, "Àǹtí, ṣé kì í ṣe ọmọ ogun ni wọ́n?"

Oníṣòwò ni wọ́n. Epo pupa àti irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rà létí odò Ọya, láti ọdún 1886 ni wọ́n sì ti ní ìwé àṣẹ láti Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n máa ṣèjọba níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé oníṣòwò ló ń ṣèjọba tẹ́lẹ̀, kí ni àsíá tí wọ́n gbé sókè máa jẹ́ lójú rẹ̀? Aṣọ lórí òpó ni. Ọmọ náà ka gbólóhùn tó péye, kò sì rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé kò mọ ohun tó yẹ kó tún bi Google, nítorí ohun tí a ti mọ̀ la fi ń mọ ohun tó kù.

Orí wa kì í gbé nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bíi mẹ́rin sí márùn-ún ni, ìyókù á bọ́. Ọmọ tó bá ní láti wá ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ìpínrọ̀ kan tó yé e, nígbà tó bá fi dé ìsàlẹ̀, ti òkè ti lọ. Ohun tó ti wọlé jókòó sínú orí kì í gba àyè báyẹn.

Ẹ wo ìyá kan ládùúgbò wa tó ń ra kaṣú. Ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ 47 kílò sínú fóònù, ní 1,200 náírà kílò kan. Fóònù ní 564,000. Ìyá ń so àpò lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní, "Irọ́ ni. Kò lè tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Tún un tẹ̀." Ọmọ tún un tẹ̀: 56,400. Ó ti fi òdo kan kún 47. Fóònù ò ṣe àṣìṣe o, ohun tí wọ́n fún un ló ṣírò. Ṣùgbọ́n ìyá ti mọ̀ lórí pé àádọ́ta kílò ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Ká ní kò mọ̀ ọ́n, ta ni ì bá dá ọmọ náà dúró? Ẹ wá ronú kan àwọn ẹ̀rọ tuntun bíi ChatGPT, tó lè fi ìdánilójú sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ohun tó ń tàn wá ni pé wíwá nǹkan rí máa ń dà bíi mímọ̀. Ní 2015, Matthew Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn kan wá ìdáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ò sì lò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi gbogbo wọn bóyá wọ́n lè ṣàlàyé àwọn ohun mìíràn tí kò bá ti àkọ́kọ́ tan rárá. Àwọn tó ti lo íntánẹ́ẹ̀tì gbà pé àwọn mọ̀ ju bí àwọn tí kò lò ó ṣe gbà lọ.

Mi ò ní ká gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ o. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa láti Bùnú dé Yàgbà ni kò ní ibi ìkàwé kankan, fóònù ló gba àwọn ọmọ ibẹ̀ là. Àwọn tó ń sọ pé fóònù ń ba ọpọlọ jẹ́, àsọdùn ni tiwọn náà. Ìgbà tí a ń mú un jáde ni mò ń bá wí: kí orí kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná, kí fóònù tó jáde.

Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn olùwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà. Àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn kan kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń kà á lákàtúnkà rántí nǹkan bíi 40 nínú 100, àwọn kejì rántí 61.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé báyìí. Fóònù á wà lórí àga, ọmọ á kọ ohun tó rántí sínú ìwé, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí fóònù wò ó, tí yóò fi báírò pupa ṣàtúnṣe. Ìlà mẹ́ta péré ló kọ lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ó sì bínú. Lánàá, ó kọ ojú ewé kan gbáko, ó wá gbórí sókè, ó ní, "Àǹtí, tó bá jẹ́ oníṣòwò náà ló ń ṣèjọba, tí wọ́n bá rẹ́ èèyàn jẹ nínú ọjà, ta ni èèyàn máa lọ fẹjọ́ wọn sùn?"

Èmi náà ò mọ̀. A jọ ṣí fóònù.