Gbígbó lẹ́ǹsì kọ́ ló ń mú àwòrán ẹyẹ ṣe bàìbàì

Àbúrò kan fi àwòrán lékèélékèé ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́sí. Ẹyẹ náà ń fò, ó na apá méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò hàn, ìyẹ́ rẹ̀ dà bí ẹfun tó bọ́ sómi. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, lẹ́ǹsì yìí ti gbó jù. Mo fẹ́ tà á, kí n yáwó kún un, kí n ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kí lẹ rí sí i?”

Mo bi í pé aago mélòó ló yà á. Aago méjì ọ̀sán. Ibo ló wà? Inú mọ́tò, ó gbé lẹ́ǹsì lé etí fèrèsé, AC ń fẹ́. Ẹyẹ náà ńkọ́? Ó wà lódìkejì títì ọlọ́dà, ó tó ọgọ́rùn-ún mítà. Mo ní kó má tíì ta nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwa tí à ń ya ẹyẹ àti ẹranko igbó. Wọ́n á ní lẹ́ǹsì gígùn tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá ti kú, pé ayé fíìmù ni wọ́n ti ṣe é, kò lè bá kámẹ́rà òde òní rìn, pé ẹni tó bá fẹ́ àwòrán tó mọ́ gaara, àfi kó lọ ra tuntun. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún mélòó kan. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè kú. Tuntun sàn ju ti àtijọ́ lọ láwọn ibì kan. Àmọ́ ibi tó ti sàn jù ọ́n kì í ṣe ibi tí ẹ rò.

Ẹ jẹ́ ká mú ìran lẹ́ǹsì kan ṣoṣo, èyí tí mo mọ̀ jù, torí òun ló wà lọ́wọ́ mi: Canon 600mm f/4 (600mm ń sọ bó ṣe ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra tó, f/4 ń sọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó; bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ẹnu ṣe ń fẹ̀ tó). Ti 1988 ni bàbá wọn nínú ìran EF, ìyẹn ti kámẹ́rà tó ní dígí nínú. Nígbà tó di 1999, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gba ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní IS. Èyí ni tèmi, tòkunbọ̀ ni, gíráàmù 5,360 ló wọ̀n. Wọ́n kéde ẹlẹ́ẹ̀kejì tó ní IS ní 2011, ó di 3,920. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé ní 2018, ó di 3,050. Ní 2021, wọ́n gbé RF jáde fún kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, ó wọ̀n 3,090.

Ẹ tún nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn yẹn wò. Àbíkẹ́yìn wúwo ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ! Gíláàsì tó wà nínú ti 2018 náà ló wà nínú ti 2021. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n kàn fà gùn kó lè bá ẹnu kámẹ́rà tuntun mu. Ẹni tó ra RF 600 lóde Amẹ́ríkà nígbà tó jáde san dọ́là 12,999. Ohun tó gbé délé ni lẹ́ǹsì 2018 tó pààrọ̀ bàtà. Mi ò sọ pé kò dára o. Ó dára gan-an ni. Mo kàn ń sọ pé ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ọjọ́ orí gíláàsì inú rẹ̀.

Ohun kan sì wà tí kò yí padà láti 1988 títí di òní. Ẹ pín 600 sí mẹ́rin, ẹ ó rí 150. Mílímítà 150 ni ẹnu lẹ́ǹsì náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, bí ẹnu abọ́ ọbẹ̀, kó tó lè jẹ́ f/4. Ìmọ́lẹ̀ tí bàbá ń gbà wọlé náà ni ọmọ ń gbà wọlé. Bí ewé ẹ̀yìn ẹyẹ ṣe ń yọ́ bí òrí nínú ti bàbá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yọ́ nínú ti ọmọ. Kò sí ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lè rẹ́ ẹnu yẹn jẹ.

Ẹ fi wé tuntun mìíràn, RF 600mm f/11, tó jáde ní 2020. Kò tó kílò kan, gíráàmù 930 péré ni, ọwọ́ kan lẹ ó fi gbé e. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mílímítà 55 lọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ tí f/4 ń gbà ló ń wọ inú rẹ̀. Ní gbangba pápá, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Àmọ́ ẹ gbé e wọ igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn níbí. Igbó náà tó hẹ́kítà 350, ẹ̀yà ẹyẹ kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, tí wọ́n ń pè ní Ibadan Malimbe, wà nínú rẹ̀, tí ẹ kò lè rí níbikíbi láyé àfi ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Òkè igi ló ń gbé, abẹ́ igi sì ṣókùnkùn láàárọ̀. Níbi tí lẹ́ǹsì arúgbó mi ti ń lo ISO 1,600 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó rí gbà, tó bá sì ti pọ̀ jù, àwòrán á máa hàn bí iyanrìn), ọmọ tuntun yẹn á béèrè 12,800 kó tó lè yára bákan náà. Ẹ ó rí ẹyẹ yín, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i láàárín iyanrìn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọjọ́ tí ojú mi là. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ra RF 600 f/4 ti 2021 wá kí mi, àríyànjiyàn sì dìde nídìí oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí aago méje tó lù, a lẹ ojú ìwé Aláròyé kan mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, a gbé tripod, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró, sí mítà 15 sí i. Kámẹ́rà kan náà la lò, R5 oní-megapixel 45. Tirẹ̀ wọlé tààrà, tèmi gba ádáptà tó so ó mọ́ kámẹ́rà kọjá. A ò fọwọ́ tẹ bọ́tìnì, a jẹ́ kí kámẹ́rà dá ka ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó yà á.

Nígbà tí a gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ohun tí a ń wò ni àmì tó wà lábẹ́ ẹ àti ọ. Ẹni tó bá ka ìwé ìròyìn Yorùbá mọ bí àmì yẹn ṣe kéré tó. Láàárín ojú ìwé, àmì náà dá dúró lábẹ́ lẹ́tà nínú àwòrán méjèèjì, kò sẹ́ni nínú wa tó lè fi tirẹ̀ hàn. A pe ìyàwó mi láìsọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Ó kọ́kọ́ mú tèmi, ó ní òun ló mọ́ jù. Lẹ́yìn tó mu tíì rẹ̀ díẹ̀, ó yí ohùn padà, ó mú ti àlejò. Igun ìwé la ti rí ìyàtọ̀: nínú tèmi, àmì ti fẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà, nínú tirẹ̀, ó ṣì dá dúró. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti borí. Mo bi í pé ẹyẹ wo ló ti yà rí tó bà sí igun àwòrán. Ewé tí f/4 ti yọ́ dànù ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn náà, nígbà tó di aago kan ọ̀sán, a gbé méjèèjì jáde síwájú ilé, a dojú wọn kọ pátákó ẹni tó ń lẹ táyà lódìkejì títì, bíi mítà 80. Omi ló jọ pé pátákó náà wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà ń jó. Tòkunbọ̀ kò lè kà á, olówó ńlá kò lè kà á. Afẹ́fẹ́ gbígbóná àti afẹ́fẹ́ tútù kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Tí oòrùn bá ti na ọ̀dà, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á máa hó bí omi orí iná, lẹ́ǹsì gígùn á sì sọ híhó yẹn di ńlá pẹ̀lú ẹyẹ. Fèrèsé mọ́tò tí AC ń gbà jáde kò yàtọ̀: òtútù inú pàdé ooru ìta gan-an níbi tí ẹnu lẹ́ǹsì wà. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń ta gíláàsì tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ pa AC, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ jẹ́ kí ooru inú àti ti ìta dọ́gba. Èyí tó dára jù ni kẹ́ ẹ tètè jí, kẹ́ ẹ sì sún mọ́ ẹyẹ. (Ẹni tí kì í tètè jí, kó lọ máa ya ìgbéyàwó.)

Ọ̀rọ̀ IS tún wà níbẹ̀, òun ni àwọn òǹtajà fi ń mú wa jù. Wọ́n ní ti 1999 ń fún wa ní stop méjì, ti 2011 mẹ́rin, ti 2018 márùn-ún. Òótọ́ ni. Stop kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì àkókò tí kámẹ́rà lè fi ṣí ojú sílẹ̀, nítorí náà márùn-ún jẹ́ ìlọ́po 32. Ẹni tó yẹ kó fi 1/600 ìṣẹ́jú àáyá ya àwòrán lọ́wọ́ lásán lè sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bíi 1/20 kí ọwọ́ rẹ̀ má sì hàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni IS ń dá dúró, kì í dá ẹyẹ dúró. Ẹ̀gà tó ń yí orí ní 1/20 á di ẹlẹ́nu mẹ́ta. Ẹni tó bá sì ń ya àṣá tó ń fò, 1/2000 ló máa lò, níbẹ̀ ni stop méjì àti stop márùn-ún ti jókòó pọ̀ láìríṣẹ́ ṣe. Òwìwí tó sùn lórí ẹ̀ka nìkan ni márùn-ún yẹn wúlò fún dáadáa, àti ẹranko tó dúró wò yín nírọ̀lẹ́.

Kí wá ni owó ńlá yẹn ń rà? Èjìká ni. Ẹ ra àpò píọ̀ wọ́tà kan, ẹ ka mọ́kànlá jáde, ẹ gbé e ní ìdúró fún ìdajì wákàtí: lẹ́ǹsì 1999 nìyẹn. Ẹ dín in kù sí mẹ́fà: ti 2018 nìyẹn. Kì í sì í ṣe pé ó fúyẹ́ nìkan. Nínú ti àtijọ́, gíláàsì tó wúwo kó jọ síwájú, ó ń fa orí lẹ́ǹsì wálẹ̀. Nínú tuntun, wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ọwọ́ yín. Ẹni tó ń rìn wọ igbó, tó ń tẹ̀ lé ẹyẹ pẹ̀lú ọwọ́ láìlo tripod, á mọ̀ ọ́n lára kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ya àtíòro kan tó fò kọjá lórí wa. Èmi ṣì ń tú tripod. Níbẹ̀, ó borí mi, mo gbà fún un. Tuntun tún máa ń fara da oòrùn iwájú dáadáa, ó sì máa ń gba teleconverter oní-2x (gíláàsì kékeré tó ń sọ 600 di 1,200) láìṣe bàìbàì tó ti àtijọ́. Àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́ kan kì í sì í jẹ́ kí kámẹ́rà tuntun sáré ya àwòrán léraléra dé òpin eré rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má tìtorí èyí sáré lọ ra gbogbo arúgbó tẹ́ ẹ bá rí o. Àwọn kan náà wà tó ń sọ pé ti àtijọ́ kì í bàjẹ́, pé irin ni. Àgbà ni àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ mú ti 1988 tí mo dárúkọ: iná ló ń yí focus rẹ̀, ìyẹn gíláàsì tó ń mú kí àwòrán mọ́ gaara, kódà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yí òrùka rẹ̀. Ọjọ́ tí mọ́tò inú rẹ̀ bá kú, òrùka á máa yí, gíláàsì kò ní mira. Ẹ ó wá ní ohun ọ̀ṣọ́ tó wọ̀n kílò mẹ́fà nínú pálọ̀. Ilé-iṣẹ́ kì í sì í ṣe ẹ̀yà ara lẹ́ǹsì tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró títí ayé, nítorí náà ẹ bi oníṣẹ́ tó ń tún kámẹ́rà ṣe bóyá mọ́tò rẹ̀ ṣì wà kẹ́ ẹ tó sanwó, kó má jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń lo Nikon ní ti tirẹ̀ láti bójú tó: àwọn lẹ́ǹsì AF-D tí kò ní mọ́tò nínú kì í ṣe autofocus, ìyẹn ni pé wọn kì í dá yí focus fúnra wọn, lórí kámẹ́rà Z tí kò ní dígí, nípasẹ̀ ádáptà rẹ̀ tó ń jẹ́ FTZ. AF-S, tó ní mọ́tò tirẹ̀ nínú, ni kẹ́ ẹ wá.

Èyí tó kàn wá jù nílé ni olú. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń hu olú sínú gíláàsì, bí okùn aláǹtakùn ló máa ń rí. Ẹ ṣí ìdérí iwájú àti tẹ̀yìn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀yìn lẹ́ǹsì, ẹ yọjú wò ó láti iwájú. Eruku díẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Tẹ́ ẹ bá rí okùn yẹn, ẹ kí òǹtajà, ẹ máa lọ, bó ti wù kó dín owó kù tó. Ó lè ti jẹ ojú gíláàsì, fífọ̀ kò sì ní dá a padà.

Àbúrò mi kò ta lẹ́ǹsì rẹ̀, 500mm f/4 ti 1999 tí wọ́n bá a rà láti Ìlú Ọba. Ó jí ní Sátidé, ó fi mọ́tò sílẹ̀ sílé, ó tẹ̀ lé agbo màlúù kan ní ìdákẹ́jẹ́ títí tó fi dé bíi ogún mítà sí lékèélékèé. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ mọ́ débi pé mo rí òrùka ofeefee tó yí ẹyinjú ẹyẹ náà ká, mo rí tata tó há sẹ́nu rẹ̀, mo ka ẹsẹ̀ tata. Ẹsẹ̀ ẹyẹ fúnra rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀, ó ti gé e kúrò níbi tí àwòrán parí sí.

Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé lẹ́ǹsì ló fa ìyẹn?”