Àtúnṣe: Wíwo òṣùpá tí òjìji bò kì í fọ́ni lójú

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láàárín àwa Yorùbá Àbújá, pé ẹni tó bá fi ojú lásán wo òṣùpá nígbà tí òjìji ayé bò ó yóò fọ́jú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ òòrùn ni òṣùpá ń tàn sí wa. Bí ayé bá sì bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì, ṣe ni ìmọ́lẹ̀ náà ń dínkù, tí òṣùpá á wá pọ́n bí epo.

Ó jọ pé ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006 ni àṣìṣe yìí ti wá, nígbà tí òṣùpá dí òòrùn, tí ọ̀sán dòru ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì kìlọ̀, bó ti tọ́, pé kí a má wo òòrùn láìlo awò tó yẹ. Òòrùn nìyẹn.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, èmi àti ìyá mi jókòó sórí ẹní ní Kúbwà, a ń wo òṣùpá pípọ́n náà títí ìlà funfun tín-ínrín fi yọ létí rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí aago 8 alẹ́ lù, tí wọ́n sì ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń lu abọ́ kiri ní Zaria nígbà èwe wọn bí òjìji bá bo òṣùpá. Wọn kò lo awò kankan. Ojú kan náà ni wọ́n fi ṣa ẹ̀wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.